Kí Ẹ Tó Ra Agbo Jẹ̀dí: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ọ̀nà Oúnjẹ Láti Ẹnu Dé Ìdí

Bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí n'Íbàdàn láàárọ̀ kùtù, kò ní pẹ́ tí alágbo yóò fi kọjá. Jẹ̀dí ń bẹ, ibà ń bẹ, ọ̀pá ẹ̀yìn ń bẹ. Odidi ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ́ oníbàárà ọ̀kan nínú wọn. Inú mi á le fún ọjọ́ mẹ́rin, n ó mu agbo jẹ̀dí kọ́ọ̀bù kan, inú á ṣí wàràwàrà, n ó sì máa yin ìyá náà. Kó tó di ọjọ́ kẹta, inú á ti tún le padà. Mo wá dà bí ẹni tó ń ti mọ́tò tí kò ní epo: ó ń rìn lóòótọ́, àmọ́ àfi bí a bá ń tì í.

Mo fi ìfun pe gọ́tà. Gọ́tà dí, ẹ da nǹkan tó le sí i. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ ni mo tó lọ bá dókítà, lẹ́yìn náà ni mo tó jókòó kọ́ bí nǹkan ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe tò ó fún ara mi nìyí.

1. Ẹ kọ́kọ́ wọn ìrìn oúnjẹ nínú ìfun

Àgbàdo la ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ àgbàdo sísè kan lálẹ́, ẹ kọ aago tí ẹ jẹ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì fẹnu kan àgbàdo mọ́ títí iṣẹ́ yìí yóò fi parí. Awọ ara hóró àgbàdo kì í dà nínú ènìyàn, nítorí náà bó ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde. Ìgbà tí ẹ bá kọ́kọ́ rí i nínú ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ka wákàtí tó ti kọjá. Bó bá bọ́ sí àárín wákàtí 12 sí 48, ìfun yín ń ṣe dáadáa. Tó bá kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wọ́sẹ̀ nílẹ̀. Tèmi gba ọjọ́ márùn-ún. Mo tiẹ̀ rò pé mo ti gbójú fò ó ni.

Ẹ wo ìrísí rẹ̀ náà, ẹ má tijú. Lọ́dún 1997, dókítà méjì ní ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Lewis àti Ken Heaton, pín ìgbẹ́ ènìyàn sí oríṣi 7, àwọn oníṣègùn sì ń lò ó títí di òní. Oríṣi kìíní ni èyí tó ṣe kóró-kóró bíi ti ewúrẹ́. Ìkeje ni omi lásán. Ìkẹta àti ìkẹrin là ń wá: ó gùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó rọ̀, kò sì gba agídí kó tó jáde. Ti iye ìgbà kò tó nǹkan tí à ń jà lé lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ dára, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ náà dára, bó bá ṣáà ti rọ̀ tí kò sì yí padà kúrò ní bó ṣe máa ń rí fún yín.

2. Ẹ jẹ́ kí eyín ṣe iṣẹ́ rẹ̀

Ẹ fi búrẹ́dì díẹ̀ sẹ́nu, kí ẹ máa jẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko láì gbé e mì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn bí ẹni pé a bu ṣúgà sí i. Itọ́ ló ń sọ ọ́ di ṣúgà, ibẹ̀ sì ni dídà oúnjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Itọ́ tí ẹnu ń pèsè lójúmọ́ máa ń tó lítà kan sí lítà kan ààbọ̀.

Ẹnìkan á ní, àwa tá a máa ń gbé òkèlè mì ńkọ́? Ta ni yóò máa rún iyán bí ẹni ń rún gúgúrú? Kò burú. Ọmọ odó ti bá wa rún iyán, ohun tí itọ́ kò bá sì rí ṣe, ìfun kékeré yóò ṣe é. Ẹran, ẹ̀pà àti pọ̀nmọ́ ni kí ẹ má ṣe gbé mì lódindi. Kò sí eyín nísàlẹ̀.

Láti ọ̀fun dé àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí nínú ikùn, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni oúnjẹ fi ń gba ibẹ̀ kọjá.

3. Ẹ fún àpòlúkù láyè

Nínú oṣù kẹfà ọdún 1822, ìbọn ṣèèṣì bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò awọ ẹranko ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà. Alexis St. Martin lorúkọ rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ihò tó wọ inú àpòlúkù rẹ̀ kò dí mọ́. William Beaumont, dókítà ọmọ ogun tó tọ́jú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹran àti búrẹ́dì mọ́ okùn sílíìkì, ó ń rọ̀ wọ́n sínú ihò náà, ó sì ń fà wọ́n jáde lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn wákàtí méjì, láti wo ibi tí wọ́n dà dé. St. Martin fi í sílẹ̀ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mi ò sì bá a wí. Ìwé tí Beaumont tẹ̀ jáde lọ́dún 1833 ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé omi ásíìdì ló ń da oúnjẹ níbẹ̀, pé ó ń gba àkókò, àti pé bí inú bá bí ọkùnrin náà, iṣẹ́ inú àpòlúkù rẹ̀ máa ń dàrú.

Oúnjẹ máa ń lo wákàtí méjì sí mẹ́rin níbẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí epo àti ọ̀rá bá pọ̀ nínú rẹ̀. Òkè àpòlúkù ní iṣan kan tó ń dé e bí okùn ẹnu àpò. Ẹni tó jẹ iyán àti ẹ̀gúsí tó kún fún epo ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó sì dùbúlẹ̀ ní mẹ́wàá ààbọ̀, ti da àpò tó kún nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ásíìdì á gòkè, àyà á máa ta á. Kí ẹ tó wá oògùn àyà títa, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì: ẹ jẹun alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú oorun, ẹ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, kí ẹ sì fi igi tàbí búlọ́ọ̀kù gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lápá ibi ìrọ̀rí sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20. Kíkó ìrọ̀rí jọ sábẹ́ orí nìkan kò tó, torí ńṣe ló máa ń ká ikùn kò.

4. Ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ gidi ti ń ṣẹlẹ̀

Ẹni tó bá ti jẹ ṣàkì àti ráńdábáòtù rí ti mọ ohun tí mò ń sọ: ṣàkì ni àpòlúkù màlúù, ráńdábáòtù sì ni ìfun rẹ̀. Tiwa náà lọ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó mítà 6, inú rẹ̀ sì rí bí ara táwẹ́ẹ̀lì kó lè fa oúnjẹ mu dáadáa. Ẹ̀dọ̀ ń fi òróòro ránṣẹ́ síbẹ̀ láti tú ọ̀rá ká. Ẹ̀yà ara kan tó sùn sẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn dókítà ń pè ní pankíríàsì, ń fi omi tirẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ohun tó fẹ́ lára ẹ̀bà, ẹja àti ẹ̀fọ́ tí a jẹ.

Àjẹkù ló ń bọ́ sínú ìfun ńlá, tí kò gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìyọnu pọ̀ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa omi kúrò lára àjẹkù. Bí àjẹkù bá pẹ́ níbẹ̀, omi rẹ̀ á gbẹ. Bó bá gbẹ, á le. Bó bá le, a ó fi agbára tì í. Bí a bá sì ń tì í lójoojúmọ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà létí ihò ìdí á wú. Èyí tó wú yẹn ni jẹ̀dí-jẹ̀dí. Oyún náà lè fà á, jíjókòó pẹ́ lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ náà lè fà á.

Wọ́n ti sọ fún gbogbo wa ní kékeré pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀dí-jẹ̀dí. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kì í fà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fi bísíkíìtì àti mínírà kún ikùn kò ní láyè fún ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ mọ́, nítorí náà ìyá àgbà kò kúkú parọ́ tán.

5. Ẹ gba oúnjẹ ewúrẹ́ padà

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ùgáńdà. Ó ṣàkíyèsí pé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará abúlé níbẹ̀ pọ̀, ó sì rọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ àìsàn ìfun tó kún ọsibítù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ló ti ń kéde pé ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ni fáíbà, ìyẹn pàǹtí inú oúnjẹ tí ìfun kékeré kò lè dà. Pàǹtí yìí máa ń di omi mú kí ìgbẹ́ má baà gbẹ, òun náà sì ni oúnjẹ àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe wá lóore nínú ìfun ńlá. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa jẹ ó kéré tán gíráàmù 25 fáíbà lójúmọ́, àti gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso.

Ẹ wá wo ohun tí àwa ń ṣe. A rin àgbàdo, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a mu ògì, a kó èèrí fún ewúrẹ́. Nínú èèrí yẹn ni fáíbà wà! A fa ọsàn mu, a ju háhá rẹ̀ nù. A bó ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín, a da èèpo sí ààtàn. Lẹ́yìn náà la tún fi owó ra agbo. Mi ò ní kí ẹ máa jẹ èèrí. Ohun tí mo ṣe rèé:

Ẹ̀wà tí a kò bó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀wà sísè lásán tàbí àdàlù. Àwo kan tó kún dáadáa lè fún yín ní nǹkan bíi gíráàmù 10 fáíbà. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ da omi náà nù kí ẹ tó gbé e kaná. Àwọn oríṣi ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí àwọn kòkòrò inú ìfun ńlá máa ń sọ di afẹ́fẹ́, omi tí ẹ dà nù á sì kó díẹ̀ lọ nínú wọn. Ìyẹn ni pé ẹ ó só díẹ̀, ẹ kò ní só púpọ̀.

Ọsàn, ẹ bó o kí ẹ jẹ ẹ́ tòun ti háhá.

Ewédú, ilá, gbúre, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀: kí ẹ̀fọ́ wà lára oúnjẹ lójoojúmọ́, kó pọ̀ tó èyí tí a lè fojú rí. Ewé mẹ́ta tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú epo kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀. Òun ló yára ṣiṣẹ́ jù fún èmi.

Ẹ má fò wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo o. Ẹni tó ti ń jẹ búrẹ́dì funfun àti ẹ̀bà láti ọdún yìí wá, tó wá jẹ ìkòkò ẹ̀wà kan lónìí, inú rẹ̀ á wú títí yóò fi bú mi. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

6. Omi

Fáíbà tí kò rí omi ń sọ nǹkan di èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin tó jẹ́ 50 cl ló tó àgbàlagbà lójúmọ́, kó jù bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lóòrùn tàbí bí ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ wo ìtọ̀ yín: bó bá ti pọ́n bí omi tíì, omi kò tó. Ẹni tí dókítà ti ní kó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kó tẹ̀ lé ohun tí dókítà sọ.

7. Ẹ jókòó bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó

Bí oúnjẹ bá ti kan àpòlúkù láàárọ̀, ìfun ńlá náà máa ń ta jí, ó ń ṣí àyè sílẹ̀. Àkókò tó dára jù nìyẹn. Ẹ mu ògì gbígbóná tàbí tíì, kí ẹ lọ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i, kódà bí ìgbẹ́ kò tíì gbọ̀n yín. Bí ẹ bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní aago kan náà, ara á mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ ẹsẹ̀, kí eékún ga ju ìbàdí lọ, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Iṣan kan wà tó fi ara kọ́ ẹnu ìfun bí ìgbà tí a bá ká rọ́bà omi kò. Bí ènìyàn bá jókòó gànràn-gànràn, ó ṣì ká kò. Bó bá lóṣòó, ó nà. Ṣáláńgá ayé àtijọ́ mọ èyí kí àwo funfun tó dé. Ẹ fi fóònù sílẹ̀ níta, kí ẹ má sì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí kò bá wá, ẹ dìde, ẹ ó padà wá.

Bí ìgbẹ́ bá sì gbọ̀n yín, ẹ lọ. Mo mọ̀ pé gó-sìló Èkó kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, àti pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ kò ṣeé wọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tí a bá há mọ́nú máa ń gbẹ sí i ni, ìfun á sì kọ́ láti dákẹ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo ń jí ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú.

8. Bó bá ṣì le

Èmi kò bá gbogbo ewé àti egbò jà. Ọ̀rọ̀ tí mo ní pẹ̀lú agbo jẹ̀dí inú ike ni pé ẹ kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ tàbí ìwọ̀n rẹ̀. Òmíràn ní kán-ún, òmíràn jẹ́ ọtí, òmíràn sì ní ewé tó ń ta ìfun nídìí bí ẹni ń na ẹṣin. Aláboyún àti ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án rárá. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan lè lo ọjọ́ mélòó kan láì yàgbẹ́, bí èyí tó bá jáde bá ṣì rọ̀, tí ikùn rẹ̀ kò le, tó sì ń mu ọmú dáadáa, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tó wà lókè fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí kò yí padà, ẹ bi apòògùn léèrè lactulose. Ó máa ń fa omi wọ inú ìgbẹ́, ó sì lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń mu ún lálẹ́ kan, wọ́n á ní kò jẹ́, wọ́n á padà sọ́dọ̀ alágbo.

Ọ̀rọ̀ kan lórí ọgbẹ́ inú tí gbogbo wa ń pè ní ulcer: ebi kọ́ ló ń dá a sílẹ̀, ata kọ́. Kòkòrò Helicobacter pylori ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, oògùn apakòkòrò sì lè wò ó sàn. Barry Marshall, dókítà ọmọ Australia, gbé kòkòrò ọ̀hún mu lọ́dún 1984 láti fi hàn pé ó ń da àpòlúkù láàmú. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Ìkejì tó ń fà á ni oògùn ara ríro bí ibuprofen, diclofenac àti piroxicam tí a ń lò léraléra. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ yé fi mílíìkì tì í sẹ́yìn.

9. Bó bá wá di ìgbẹ́ gbuuru

Omi tó ń jáde lára ló ń pa ènìyàn níhìn-ín, torí náà omi la ó kọ́kọ́ dá padà. Bí ORS (iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi) bá wà ní kẹ́míìsì, ẹ ra á, kí ẹ pò ó bí ara ọ̀rá rẹ̀ ṣe wí. Bí kò bá sí, ẹ wá lítà kan omi tó mọ́, tàbí èyí tí a sè tó sì ti tutù: ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a fi ọ̀bẹ gé lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ tọ́ ọ wò. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa mu ún, kódà bí èébì bá ń gbé yín. Ẹ má dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró fún ọmọ. Ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà á tún lo zinc mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14; èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, mílígíráàmù 10. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá jì, tó ń sunkún láìsí omijé, tàbí tí kò lè mu nǹkan, ọsibítù ni o, kì í ṣe ọ̀la.

10. Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dá a ṣe

Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run yín lágbègbè ìdodo, tó wá ṣí lọ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, tí ara sì ń gbóná, ẹ má mu agbo, ẹ má lo oògùn ìṣunú, ẹ má fa omi sí ìdí. Ó lè jẹ́ apẹ́ńdíìsì, gbogbo ìwọ̀nyẹn sì lè mú kó bẹ́. Ọsibítù ni kí ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ikùn bá wú tí ẹ ń bì, tí ìgbẹ́ àti isó kò sì jáde.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kódà bí ó bá dá yín lójú pé jẹ̀dí ni, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń rùn gidi, bákan náà (oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún máa ń mú un dúdú, ẹ rántí sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lò ó). Tí ẹ bá ń rù láìgbààwẹ̀, tàbí tí bí ẹ ṣe ń yàgbẹ́ bá yí padà fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má fi falẹ̀, pàápàá ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ aago àgbàdo sí dání, kí ẹ sì kọ oríṣi ìgbẹ́ yín, láti kìíní dé ìkeje, sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Dókítà tí mo lọ bá bi mí ní ìbéèrè méjèèjì yẹn kó tó ní kí n dùbúlẹ̀.